Àwọn Olóríkunkun Mẹ́sàn-án

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, n kò sì gba ìmọ̀ràn. Ẹni tí ìmọ̀ràn bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ gba ògiri ilé rẹ̀ nímọ̀ràn. Ògiri ò ní dá a lóhùn, inú àwọn méjèèjì á sì dùn.

Ìwé méjì ni mo rà lónìí. Ọ̀kan fún kíláàsì. Èyí fún èmi nìkan — abẹ́ àpò àjákù aṣọ ni yóò máa gbé, níbi tí ọwọ́ ọmọ mi obìnrin kò lè dé. Ìyá Ìmọ̀ràn ni mo ń pè é. Ó bí ọmọ mẹ́ta, ó wá rò pé èmi ni ìkẹrin.

Òní la bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì àwọn àgbà. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀. Yàrá kan ni, lẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun òpópónà wa, aago mẹ́rin sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ìṣirò ti parí. Ìṣirò ò yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó ti ń wọn ìbàdí èèyàn láti ọdún méjìlélọ́gọ́ta mọ ìṣirò. Gẹ̀ẹ́sì ló kù. Ìdánwò ìwé kẹfà ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí. Ẹni tó bá yege á gba ìwé ẹ̀rí. Ìwé yẹn ni mo fẹ́. Màá kàn án mọ́ ògiri lókè maṣíìnì mi, kí gbogbo ẹni tó bá wá wọn aṣọ máa kà á bí mo ṣe ń wọn èjìká rẹ̀.

Ìyá Ìmọ̀ràn ní kí ni mo fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọjọ́ orí mi. Mo ní ohun tí mo fi òun ṣe nígbà tí mo bí i: kò sí nǹkan kan, ó kàn wù mí ni.

Àbúrò mi ọkùnrin náà dá sí i. Gírámà — bí mo ṣe ń pè é nìyẹn, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní kí n sinmi. Mo ní màá sinmi nígbà tí wọ́n bá gbé mi sin, àyè ìsinmi pọ̀ níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Orúnkún. Àga ọmọdé ni wọ́n kó sínú yàrá yẹn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà



Olùkọ́ Kékeré — ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ — kọ ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án sójú pátákó. Can. Could. May. Might. Must. Shall. Should. Will. Would. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni wọ́n, iwájú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n máa ń dúró. Àwọn ló ń sọ bóyá iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, tàbí ó pọn dandan, tàbí wọ́n kàn gbà ọ́ láyè ni.

Ó yé mi kó tó sọ ọ́ tán. Mo rán an: ó tán. Fi can síwájú: mo lè rán an. Fi must síwájú: mo gbọ́dọ̀ rán an, ìyàwó ń dúró dè é. Aṣọ kan náà, ọ̀rọ̀ bíńtín ló sọ ọ́ di ẹ̀wù mìíràn.

Nínú mẹ́sàn-án yẹn, mo ti mọ mẹ́ta. Láti ọgọ́ta ọdún ni mo ti mọ̀ wọ́n.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ìwé kẹrin ni mo wà. Gírámà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Màmá ní ẹnì kan ṣoṣo ni agbára òun ká ní ilé-ìwé. Èmi ni mo dìde. Mo jókòó ti maṣíìnì. Gírámà sunkún jù mí lọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí wọ́n bá kọ́ mi láàárọ̀, màá kọ́ yín nírọ̀lẹ́. Gbogbo ẹ̀ pátá.” Ó sì ń ṣe é. Ọdún méjì gbáko. Abẹ́ pátákó ìgéṣọ Màmá la máa ń wọ̀ sí, òun àti èmi, á fi ẹfun tí Màmá fi ń sàmì sí aṣọ kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ pátákó, nítorí ìwé kan ṣoṣo ló ní, ti olùkọ́ rẹ̀ sì ni.

Ìrọ̀lẹ́ tó kẹ́yìn, kó tó lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, ó fi ìṣó fa ìlà mẹ́sàn-án, kó má baà pa rẹ́. Ó ha can. Ó ha may. Ó ha must. Màmá pè é pé kó wá di ẹrù. Ó ní mẹ́fà tó kù di ìgbà tí òun bá dé fún ìsinmi.

Ó dé fún ìsinmi. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò rán an létí. Ẹ̀gbọ́n kì í tọrọ lọ́wọ́ àbúrò.

Pátákó yẹn ṣì ni mo fi ń gé aṣọ. Nígbà tí mo dé láti kíláàsì, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀. Mẹ́ta. Ìlà mẹ́fà wà lábẹ́ wọn, wọ́n ṣófo. Ó gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó lè dìde padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ẹ̀rín ni mo ń rín láti àárọ̀.

Olùkọ́ Kékeré ní àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yòókù máa ń tẹrí ba. I sew. Ṣùgbọ́n tó bá kan ìyá kan lọ́hùn-ún, she sews — ó ti so s mọ́ ìdí, bí ẹni tó rí ọ̀gá rẹ̀ lọ́nà. Àwọn mẹ́sàn-án yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. I must. She must. The king must. Wọn ò yí padà fún ọba, wọn ò yí padà fún ìránṣẹ́ ọba. Kò sí ẹni tó lè so s mọ́ wọn nídìí. Wọn ò sì gbà kí “to” tẹ̀ lé àwọn lẹ́yìn: must sew ni, kì í ṣe must to sew. Mo pàtẹ́wọ́ níbi tí mo jókòó. Mo ní, “Ẹbí mi nìyí.”

Àwọn Olóríkunkun. Orúkọ tí mo fún wọn nìyẹn.

Wọn kì í sì í gbé pọ̀. Bíríkìlà, tó ń jókòó tì mí — ẹni ogójì ọdún, sìmẹ́ńtì wà ní gbogbo èékánná rẹ̀ — kọ “I must can build” sínú ìwé rẹ̀. Mo ní, “Maṣíìnì kan, abẹ́rẹ́ kan. Yọ ọ̀kan.” Ó ní, “Màmá, ẹ ò kúkú gbaṣẹ́ tíṣà.” Mo ní mi ò ráyè, mo ní aṣọ mẹ́rin nílẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Mo pẹ́. Oníbàárà kan ló dá mi dúró, kọ́là rẹ̀ ń fún un lọ́rùn, ó ní kọ́là ló sún kì. Ọrùn ló sanra.

Òfin Olùkọ́ Kékeré ni pé ẹni tó bá pẹ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “May I come in?” Ìyẹn ni pé kí n tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì tó ọmọ mi àgbà. Mo dúró. N kò sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ẹ kàn sọ ọ́, ẹ ti wọlé.” Bíríkìlà ń ṣẹ́jú sí mi. Ó ní, “Màmá, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni.” Mo ní tó bá jẹ́ péré, kó bá mi sọ ọ́.

Mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níta. Ibẹ̀ ni mo ti kọ gbogbo ẹ̀kọ́ tòní, ìwé lórí apá, oòrùn lórí. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ń kọjá, wọ́n ń kí mi, mo ń dáhùn bí ẹni pé ilé mi ni.

Olùkọ́ Kékeré gbé ohùn rẹ̀ sókè kí n lè máa gbọ́. Mo rí i. N kò dúpẹ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Olùkọ́ Kékeré wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo rí i lókèèrè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí maṣíìnì kíkankíkan, aṣọ ò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ kan férémù, ó ní, “May I come in?” Ó sì dúró.

Mo wò ó. Mo ní, “Àgò lò ń ké yẹn?”

Ó ní, “Àgò náà ni, Màmá.”

Àgò. Àgò lásán-làsàn. Baálé ilé ń kágò lẹ́nu ọ̀nà ọmọ tó bí. Èmi fúnra mi ń kágò lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Ìmọ̀ràn, n kò sì fi bẹ̀ ẹ́. Ilé ni wọ́n ń kí, kì í ṣe orí ẹni tó wà nínú ẹ̀. Mo ní, “Ṣé o rí i pé o ò kọ́ mi dáadáa? Bí o bá ti sọ pé àgò ni látàná, oòrùn ì bá má pa mí.” Ó ní kí n má bínú, àṣìṣe òun ni. Mo ní, “Yàgò fún ilẹ̀kùn, wọlé, jókòó.” Mo fún un ní tíì. Bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ méjì ló ti fẹ́ já; mo gbà á lọ́rùn rẹ̀ níbẹ̀, mo gán an.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Mo dé ní aago mẹ́rin ku ogún. Kò sí ẹni tó pè mí lẹ́jọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, “May I come in?” kí wọ́n tó ṣí fèrèsé pàápàá. Yàrá ṣófo. Mo dá ara mi lóhùn.

Could àti should lónìí. Ó di márùn-ún.

Bíríkìlà ní kò yé òun, gbogbo wọn jọra létí òun. Mo mú àjákù aṣọ jáde nínú báàgì. Mo ní, “Wò ó. Aṣọ tí mo fi pín-ìn-nì mú, tí mo lè yọ nígbàkígbà, may nìyẹn. Èyí tí mo fọwọ́ rán gbàgẹ̀rẹ̀, kí n lè rí bó ṣe máa bá ara mu, should nìyẹn: ó yẹ kó rí báyìí, ṣùgbọ́n a ṣì lè tú u. Èyí tí maṣíìnì ti gbà lẹ́ẹ̀mejì, tó jẹ́ pé àfi kí o ya aṣọ kí o tó yọ ọ́, must nìyẹn.” Ó fọwọ́ fà á wò. Ó ní, “Àwa náà ní i. Must ni òpó. May ni igi tí a fi gun ògiri, a máa yọ ọ́ tó bá yá.” Mo ní, “Can ńkọ́?” Ó ní, “Can ni èmi fúnra mi.”

Olùkọ́ Kékeré ní ká tún un sọ fún gbogbo kíláàsì. A tún un sọ. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé orúnkún mi, àfìgbà tí mo fẹ́ dìde.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Gírámà gbé ṣòkòtò wá kí n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwé kíláàsì mi wà lórí pátákó. Kó tó kí mi tán, ó ti fa bírò pupa yọ nínú àpò — ọdún mẹ́fà tó ti fẹ̀yìn tì, bírò pupa ò tíì fẹ̀yìn tì — ó ti fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi kan. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ìdánwò ò mọ àgbà o. Bí ẹ bá wá kùnà ńkọ́? Gbogbo àdúgbò á gbọ́.”

Mo ní, “Màá tún un ṣe. Ẹnu á sì rẹ àdúgbò kó tó rẹ̀ mí.”

Ó ní òun kàn ń rò ó fún mi ni. Mo ní kó rò ó fún ara rẹ̀, ó ti dárúgbó.

Mo wá bi í léèrè. Mo rọra bi í, mo ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, n kò wo ojú rẹ̀. Mo ní, “Kí ni might?”

Ẹni tí wọn kì í bi léèrè kó má dáhùn. Ó kàn fọwọ́ tẹ pátákó. Ó ní, “Pátákó yìí ṣì wà?” Mo ní, “Ibo ló máa lọ?” Ó ní òun rántí pé ẹnì kan ń dúró de òun. Ó lọ. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo wọ̀n.

Mo mọ ohun tó ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ti ga jù lójú rẹ̀ fún ìyá aránṣọ. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo fi should bá Ìyá Ìmọ̀ràn wí lórí fóònù. Ó ní ta nìyẹn. Mo ní èmi ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó ti bàjẹ́.

Olùkọ́ Kékeré wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, àárọ̀ yìí ni lẹ́tà dé, Ọjọ́rú ló gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Kíláàsì tí kò bá sì ní olùkọ́ kò lè fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún ìdánwò. Ó ní ká máa retí ọdún tó ń bọ̀.

Bíríkìlà ń yọ sìmẹ́ńtì èékánná rẹ̀.

Ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ọdún tó ń bọ̀ nínú àpò kó mú un jáde ká rí i.

Ó kọ́ wa títí aago mẹ́fà fi lù, ṣùgbọ́n àtúnyẹ̀wò ló ṣe, ohùn rẹ̀ ò jẹ́ kó kọ́ nǹkan tuntun. Mo fún un ní ẹ̀wù tí mo rán fún un. Kò bá a mu léjìká. Mo ti rán an kí n tó wọ̀n ọ́n, torí ìkánjú. Irú èyí ò ṣẹlẹ̀ sí mi láti ogún ọdún. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà lọ ilé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Àtẹ̀gùn mẹ́tàlélógún. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní kí n lọ jókòó. Mo ní mo ti jókòó fún ọdún méjìlélọ́gọ́ta.

Mo bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi. Mo ní, “We must write. You can help. You should help.” N kò fi to sí i. N kò fi s sí i. Ọkàn mi ń fò bí ẹsẹ̀ maṣíìnì tí bẹ́líìtì rẹ̀ já.

Akọ̀wé yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ ṣe gan-an.” Ó wá ṣí ìwé òfin, ó fi ìka tẹ̀ lé e. Ó ní ọ̀nà kan ló wà. Bí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ìwé ẹ̀rí, kódà kó ti fẹ̀yìn tì, bá kọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, láti Ọjọ́ Ajé títí di Ẹtì, tó sì fọwọ́ sí ìwé wa, a lè ṣe é. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́rin, ó gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á ti yàrá pa. Ó ní, “Ṣé ẹ mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀?”

Mo ní ó dàbọ̀.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Mo mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń tọ̀ sára. N kò ní bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Àwọn ará kíláàsì mi lọ bá Gírámà láìsọ fún mi. Bíríkìlà ló ṣíwájú. Ẹni kan ló júwe ilé fún wọn. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àbúrò mi ni.

Ó ní rárá. Ó fún wọn ní omi tútù, ó bá wọn ṣeré, ó wá béèrè àwọn tó wà nínú kíláàsì. Wọ́n ń ka iṣẹ́ wa fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé orí ìyá aránṣọ, Bíríkìlà ní ńṣe ló gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Ó ní orúnkún òun ò gbà mọ́.

Orúnkún. Orúnkún tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ gba pẹ́ńṣọ̀n.

Inú ń bí mi débi pé mo rán apá mọ́ ibi ọrùn.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Mo lọ.

Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Mo dúró níta. Mo ní, “May I come in?” Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, ilé ni mo kí. Ó wà nídìí tábìlì, ó ń fi bírò pupa ṣàtúnṣe ìwé ìròyìn. Ó gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi.”

Mo ní, “Kí ló dé tí o ò fẹ́ kọ́ wa? Má dárúkọ orúnkún.”

Ó wá sọ ọ́, ó ń wo ìwé ìròyìn.

Ó ní tẹ́ẹ̀mù àkọ́kọ́ tí òun lọ yẹn, òdo lòun gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Òdo tó rí roboto. Ó ní nílé, tí òun bá kọ́ mi, mo máa ń bi òun léèrè, màá bi òun, màá tún bi òun, títí ohun tí òun ń kọ́ mi á fi yé òun alára. Lọ́hùn-ún kò sí ẹni tó ń bi òun ní nǹkan kan. Ó ní, “Mo dé nísinmi, mo bá yín nídìí maṣíìnì. Ẹ gbé ojú sókè, ẹ ń rẹ́rìn-ín sí mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé ẹni tí ẹ torí ẹ̀ kúrò nílé-ìwé ló gba òdo? Mo ní màá sọ ọ́ nísinmi tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, kò bọ̀ mọ́.”

Ó ní mẹ́fà tó kù yẹn, òun alára ò mọ̀ wọ́n nígbà náà. Nígbà tí òun wá mọ̀ wọ́n, ó ti pẹ́ jù. Ojú tì òun láti wọ abẹ́ pátákó. Bí òun bá sì wá dúró níwájú yàrá yẹn ní Ọjọ́ Ajé, tí òun rí mi lórí àga ọmọdé, òun ò ní lè la ẹnu.

Ọgọ́ta ọdún ni mo fi rò pé ó gàn mí. Mo ti bá a jà nínú ọkàn mi ní gbogbo ọjọ́ tí mo gé aṣọ. Nítorí òdo. Òdo ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ó ní òun máa ra maṣíìnì iná fún mi. Tuntun. Ó ní kí n jẹ́ kó tán síbẹ̀.

Mo dìde. N kò dágbére.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Maṣíìnì dé. Wọ́n gbé e sílẹ̀ láàárọ̀. Ó ń dán. Ó ní iná kékeré lórí, oríṣi rírán mẹ́rìndínlógún ló ń ṣe, ó ń gán bọ́tìnì fúnra rẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án. Mo tẹ nǹkan kan, ó kùn. Ìyá Ìmọ̀ràn ti gbọ́, ó pè lórí fóònù: “Màmá, ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́. Ọlọ́run ló bá yín ṣe é. Ẹ fi kíláàsì sílẹ̀.” Mo ní kó lọ wo iná, ọbẹ̀ rẹ̀ ń jó. Ó ní òun ò gbé nǹkan kaná. Mo ní kó lọ wò ó náà.

Mo dá maṣíìnì padà lọ́sàn-án. N kò yá a ní maṣíìnì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Bíríkìlà gbé bárò rẹ̀ wá. Mo kó aṣọ kúrò lórí pátákó ìgéṣọ, aṣọ ẹni mẹ́fà, mo kó gbogbo rẹ̀ sórí ibùsùn mi. A yọ ẹsẹ̀ pátákó. Ó wúwo, igi àtijọ́ ni. A dojú rẹ̀ dé inú bárò, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá sókè, oòrùn kọ lù ú fún ìgbà àkọ́kọ́. Bíríkìlà tẹ̀ ba, ó kà á: can, may, must. Ó fi ìka ka àwọn ìlà tó ṣófo. Kò bi mí léèrè. Ó gbé bárò, mo tẹ̀ lé e, gbogbo òpópónà ń wò wá, mo ń kí wọn. Inú mi ń dùn bí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ yí maṣíìnì tí kò já òwú.

Ẹnu ọ̀nà Gírámà la gbé e sí. Mo fi ìṣó kan lé e lórí.

Ó jáde. Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì gbà. Ó fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò lára must. Ọwọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ha á, ó wọ́, s rẹ̀ kọjú sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ fẹ́ fi gé aṣọ lọ́la?”

Mo ní n kò ní gé. Oníbàárà á dúró, ó kéré sí bí mo ṣe dúró.

Ó ní, “Olùkọ́ yín ti kọ́ yín ní méjì nínú rẹ̀.”

Mo ní ìyẹn jẹ́ ẹ̀bùn tirẹ̀, kò yọ nǹkan kan kúrò nínú gbèsè ẹlòmíràn. Mo ní òdo rẹ̀ kò kàn mí, kò sí ẹni tó fi òdo ṣèlérí fún mi. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ti yíjú padà. Ohun tí mo sọ kí n tó kúrò nìyí. Mo kọ ọ́ síbí bí mo ṣe sọ ọ́, n kò fi ẹ jọ̀ọ́ sí i, n kò fi ó yẹ sí i:

O jẹ mí ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, ọ̀la, aago mẹ́rin. Gbé pátákó mi dání. Wá san án.